Ọlọ́run tó ní kí wọ́n má ṣàánú, Ọlọ́run tó ní àánú lòun fẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn láti kíláàsì Bíbélì kan ní Kabba

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Kíláàsì wa ka ìwé Jóṣúà láti orí kìíní dé ìparí. Mo rò pé oṣù méjì la máa fi parí rẹ̀, àfi bó ṣe gbà wá ní oṣù márùn-ún, nítorí ìbéèrè kò jẹ́ ká ráyè lọ síwájú. Àwọn kan béèrè lójú gbogbo ènìyàn, àwọn kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ẹnìkan sì fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní agogo kan òru. Mo ti kó wọn jọ síbí. Olùkọ́ ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni mí, n kì í ṣe àlùfáà.

Ṣé lóòótọ́ ni Bíbélì sọ pé Ọlọ́run ní kí wọ́n pa ọmọ ọwọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣí 1 Sámúẹ́lì 15:3. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọ kékeré, ọmọ ẹnu ọmú, màlúù, àgùntàn, ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àwọn Ámálékì, Sọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ dá ọ̀kankan sí. Diutarónómì 20:16-17 sọ irú rẹ̀ nípa àwọn ìlú Kénáánì, Jóṣúà 6:21 sì sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní Jẹ́ríkò. Àwọn oníwàásù kan mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún un: wọ́n á ka ibi tí odi ti wó, ìjọ á kígbe halelúyà, wọ́n á sì pa Bíbélì dé ní ẹsẹ 20. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ni "ìyàsọ́tọ̀" tí wọ́n ń sọ nínú ìwé Jóṣúà?

Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni ḥerem. Ìpìlẹ̀ kan náà lòun àti "hárámù" tó wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa ní: ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kàn mọ́. Ìlú tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ báyìí, kò sí ìkógun níbẹ̀. Ọmọ ogun kò gbọdọ̀ mú ẹrú, kò gbọdọ̀ mú aṣọ, fàdákà àti wúrà sì di ti ilé Olúwa. Ákánì mú ẹ̀wù kan àti fàdákà àti wúrà, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ló sì bá a lọ (Jóṣúà 7).

Kì í ṣe Ísírẹ́lì nìkan ló ń ṣe é. Ní ọdún 1868, wọ́n rí òkúta kan ní Díbónì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Jọ́dánì lónìí. Mẹ́ṣà, ọba Móábù, ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 840 ṣáájú ìbí Kristi. Ó ní òun gba ìlú Nébò lọ́wọ́ Ísírẹ́lì, òun pa 7,000 ènìyàn níbẹ̀, nítorí òun ti ya ìlú náà sọ́tọ̀ fún òrìṣà òun. Ọ̀rọ̀ kan náà gan-an ló lò. Àṣà ogun agbègbè náà nìyẹn. Èyí kò sọ ọ́ di ohun rere, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ irú ayé tí Ọlọ́run bá àwọn ènìyàn yìí nínú rẹ̀.

Kí ni àwọn ará Kénáánì ṣe tó fi tó bẹ́ẹ̀?

Bíbélì ní ìdáhùn tirẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 15, Ọlọ́run sọ fún Ábúráhámù pé irú-ọmọ rẹ̀ yóò ṣe àtìpó fún 400 ọdún kí wọ́n tó padà wá, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Ámórì, ẹ̀yà kan ní Kénáánì, kò tíì kún. Léfítíkù 18 wá ka ìwà wọn lẹ́sẹẹsẹ, fífi ọmọ rúbọ sí òrìṣà Mólékì wà lára rẹ̀, ó ní ilẹ̀ náà bì wọ́n jáde. Ẹ ká a lọ dé ẹsẹ 28, ẹ ó rí i pé ó yíjú sí Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀: bí ẹ̀yin náà bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò bì yín. Ó sì bì wọ́n lóòótọ́. Ásíríà gba Samáríà ní nǹkan bí ọdún 722, Bábílónì jó Jerúsálẹ́mù ní 586 ṣáájú ìbí Kristi. Diutarónómì 9 tún fi kún un pé kì í ṣe nítorí òdodo wọn ni wọ́n fi rí ilẹ̀ náà gbà, olóríkunkun ni wọ́n.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ogun ẹ̀yà mímọ́ lórí ẹ̀yà àìmọ́ ni, kò ka ìwé náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí kò tíì kan ọmọ ọwọ́. Ọmọ tí ó bọ́ lọ́wọ́ Mólékì tí idà tún wá pa, oore wo la ṣe fún un? Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ọ̀run rere ló lọ tààrà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣáà sọ ọ́ fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ.

Ṣé wọ́n tiẹ̀ pa wọ́n tán bí ìwé náà ṣe wí?

Ìbéèrè yìí ló gba àkókò wa jù, nítorí ìwé náà fúnra rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Jóṣúà 10:40 ní Jóṣúà kò ṣẹ́ ẹnìkan kù ní gbogbo ilẹ̀ olókè, ilẹ̀ gúúsù àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí orí 13, ẹsẹ kìíní: Olúwa ní ilẹ̀ púpọ̀ gan-an ló ṣẹ́kù tí wọn kò tíì gbà. Orí 10 ní kò ku ẹnìkan ní Hébúrónì. Ní orí 15, Kálébù ṣì ń lé àwọn ọmọ Ánákì mẹ́ta kúrò ní Hébúrónì kan náà. Orí kìíní ìwé Àwọn Onídàájọ́ ka ìlú lẹ́yìn ìlú tí wọn kò lé àwọn ará ibẹ̀ jáde. Ámálékì ńkọ́? Sọ́ọ̀lù pa wọ́n run ní 1 Sámúẹ́lì 15. Ní orí 30, àwọn Ámálékì ti jó Síkílágì, wọ́n ti kó àwọn ìyàwó Dáfídì lọ, nígbà tí Dáfídì sì ṣẹ́gun wọn, 400 ọ̀dọ́mọkùnrin ló gun ràkúnmí sá lọ. Àwọn tí Sọ́ọ̀lù ti pa tán ń gun ràkúnmí! Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ tún wo Diutarónómì 7. Ẹsẹ 2 ní kí wọ́n pa àwọn orílẹ̀-èdè méje náà run, kí wọ́n má ṣàánú wọn. Ẹsẹ 3 ní kí wọ́n má fẹ́ ọmọ wọn. Ta ní ń kìlọ̀ fún ènìyàn pé kó má fẹ́ òkú?

Àwọn tó ti gbọ́ oríkì jagunjagun kò ní pẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó pa ará ibí, ó pa ará ọ̀hún, kò ku ẹni tó máa dáná. Ọjọ́ ọjà pé, àwọn ará ọ̀hún dé, wọ́n ń ná ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọba ìgbà náà ń sọ̀rọ̀. Mẹ́ṣà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní Ísírẹ́lì ti parun títí láé. Kí ó tó wí bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1208 ṣáájú ìbí Kristi, Fáráò Merneptah ti kọ ọ́ sórí òkúta pé Ísírẹ́lì ti run, kò sí irúgbìn rẹ̀ mọ́. Ọdún 1896 ni Flinders Petrie hú òkúta náà ní Íjíbítì, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí orúkọ Ísírẹ́lì ti kọ́kọ́ hàn nínú ìtàn ayé, lórí ìwé tó ní wọ́n ti kú tán.

Àwọn awalẹ̀pìtàn náà ní tiwọn. Kathleen Kenyon wa ilẹ̀ Jẹ́ríkò láàrin 1952 sí 1958, ó sì ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi ni ìlú olódi náà ti jó, ṣáájú ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi Jóṣúà sí. Ní Hásórì, wọ́n rí àmì iná ńlá ti ọ̀rúndún kẹtàlá ṣáájú ìbí Kristi. Iyàn ṣì wà lórí méjèèjì.

Àlàyé yìí ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi bo ọgbẹ́. Bí ó bá jẹ́ oríkì ogun ni, oríkì tó ń fi ikú ọmọdé yangàn ṣáà ni.

Ta ni àwa nínú ìtàn Jẹ́ríkò?

Ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn ló béèrè èyí, ó sì dá wa dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nínú orin àti ìwàásù wa, ìta odi la máa ń wà. À ń fun fèrè, à ń yí ìlú ká, àwọn ọ̀tá wà nínú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń ti Bídà bọ̀ wá sí ilẹ̀ Owé, Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú, ta ló wà nínú odi? Àwa ni. Orí àpáta ni àwọn baba ńlá wa sá gùn. Ìlú tó bá túúbá ń sanwó orí, tí owó kò bá sì tó, ènìyàn ni wọ́n fi ń dí i, ọmọ ẹlòmíì. Ìyá bàbá mi sọ fún mi pé wọn kì í dáná lálẹ́ nígbà tí ìyá òun wà lórí òkè, nítorí iná á júwe ibi tí wọ́n wà. Ọmọ tó bá fẹ́ ké, ọmú ni wọ́n fi ń dí i lẹ́nu. Ó ní ìyá òun kì í sọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọmú kò bá mú kí ọmọ dákẹ́.

Oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, wọ Kabba, tí ibùdó Tápà níbẹ̀ sì tú. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gba Bídà pẹ̀lú. Ẹ má gbà mí ṣì o. Tápà òní kì í ṣe ọ̀tá wa. À ń fẹ́ ọmọ ara wa, ẹja wọn là ń jẹ ní Lọ́kọ́jà. Àwọn ọmọ Yorùbá bíi tiwa náà sì wà lára àwọn tó kó wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin láti inú ilé rí.

Samuel Ajayi Crowther pẹ̀lú. Ọmọ bí ọdún 12 ni nígbà tí ogun wọ Òṣoògùn ní 1821, wọ́n jó ìlú, wọ́n fi okùn so òun, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ lọ. Òun ló wá ṣíwájú nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, òun náà ló dá ibùdó ìhìnrere sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, ní ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ní 1857. Èdè tí a fi ń ka ìparun Jẹ́ríkò, ọwọ́ ọmọ tí wọ́n fà jáde láti inú ìlú tó ń jó ló ti kọjá.

Nígbà tí a wá padà sí ìwé náà pẹ̀lú ojú yìí, a rí ohun tí a ti ń fò kọjá. Lẹ́yìn orí kìíní, kí idà tó jáde rárá, ibo ni ìwé Jóṣúà kọ́kọ́ mú wa wọ̀? Ilé obìnrin ará Jẹ́ríkò kan, Ráhábù aṣẹ́wó, tí ilé rẹ̀ wà lára odi gan-an. A mọ orúkọ rẹ̀. A mọ pé ó ní bàbá, ìyá, arákùnrin àti arábìnrin. A gbọ́ bí àyà ṣe ń já àwọn ará ìlú. Ìwé tó ní kí wọ́n má dá ẹnikẹ́ni sí ti fi wá jókòó sínú ilé ẹnìkan níbẹ̀ kí ogun tó dé, ó sì ti jẹ́ ká rí okùn pupa ní fèrèsé. Diutarónómì 7 ní kí wọ́n má bá àwọn ará ilẹ̀ náà dá májẹ̀mú. Àwọn amí méjì náà búra fún Ráhábù, Jóṣúà pa ìbúra náà mọ́, Ọlọ́run kò bá ẹnikẹ́ni wí. Nígbà tí Mátíù máa kọ ìran Jésù, ó fi obìnrin yìí sí i, ní ẹsẹ 5.

Ìdáhùn mi fún ìyá àgbà nìyí: a wà nínú yàrá Ráhábù. Ó ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.

Yàtọ̀ sí Ráhábù, ṣé ẹlòmíì rí àánú?

Àwọn ará Gíbíónì. Wọ́n gbé búrẹ́dì tó ti hu olú wá, wọ́n wọ bàtà tó ti gbó, wọ́n purọ́ pé ọ̀nà jíjìn làwọn ti wá (Jóṣúà 9). Àṣírí tú lọ́jọ́ kẹta, ṣùgbọ́n ìbúra ti wáyé. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìyàn mú ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì fún ọdún mẹ́ta nítorí pé Sọ́ọ̀lù pa àwọn ará Gíbíónì (2 Sámúẹ́lì 21). Ìdílé Sọ́ọ̀lù san gbèsè ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àṣẹ àkọ́kọ́ ní kí a pa.

Ẹ sì ka ìparí orí 5. Jóṣúà rí ọkùnrin kan tó fa idà yọ, ó bi í pé, ṣé tiwa ni ọ́ tàbí ti àwọn ọ̀tá wa? Balógun ogun Olúwa dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ṣé Ọlọ́run inú Májẹ̀mú Láéláé yàtọ̀ sí Bàbá Jésù ni?

Marcion, olùkọ́ kan láyé ìjọ àtijọ́, sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Sínópè ni, ìjọ Róòmù sì yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ ní ọdún 144. Ó ní Ọlọ́run méjì ló wà, ọ̀kan oníbìínú, ọ̀kan onífẹ̀ẹ́, ó sì sọ gbogbo ìwé àwọn Júù nù. Ó dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ìwé náà nù, àánú tó pọ̀ ló sọ nù mọ́ ọn.

Ẹ̀kísódù 34:6 ni Ọlọ́run ti pe ara rẹ̀ ní aláàánú àti olóore-ọ̀fẹ́, tó lọ́ra láti bínú. Jónà mọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí i: ó mọ̀ pé Ọlọ́run á dá Nínéfè sí. Ìwé Jónà parí pẹ̀lú ìbéèrè, kò ní ìdáhùn: ṣé kí n má ṣàánú ìlú tí ó lé ní 120,000 ènìyàn tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àti ẹran ọ̀sìn púpọ̀? Nínéfè yìí ní ilẹ̀ Ásíríà ló wà, àwọn tó wá gba Samáríà. Èlíṣà náà mú ọmọ ogun Síríà wọ inú Samáríà bí ẹni ń da àgùntàn, ọba Ísírẹ́lì ní, "Baba mi, ṣé kí n pa wọ́n?" Èlíṣà ní kó fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n lọ sílé (2 Àwọn Ọba 6).

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà ní 2 Kíróníkà 28, ibi tí kò sẹ́ni tó ń fi ṣe ìwàásù. Ísírẹ́lì bá Júdà jà, wọ́n kó 200,000 obìnrin àti ọmọ lẹ́rú lọ sí Samáríà. Wòlíì kan, Ódédì, jáde lọ pàdé àwọn ọmọ ogun lójú ọ̀nà. Ó ní, lóòótọ́ ni Olúwa bínú sí Júdà tí ó fi lé yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìbínú tí ẹ fi pa wọ́n ti kan ọ̀run. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn yín? Wọ́n tú àwọn ẹrú náà sílẹ̀. Wọ́n fi aṣọ ìkógun wọ àwọn tó wà ní ìhòòhò, wọ́n wọ bàtà fún wọn, wọ́n bọ́ wọn, wọ́n fi òróró pa wọ́n lára, wọ́n gbé àwọn aláìlera gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n sì sìn wọ́n dé Jẹ́ríkò.

Jẹ́ríkò o. Mo máa ń rò ó pé orí yìí wà lọ́kàn Jésù nígbà tó ń pa òwe ará Samáríà tó da òróró sí ojú ọgbẹ́, tó gbé ọkùnrin náà sórí ẹran rẹ̀, lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò kan náà. Nínú gbogbo ìtàn ogun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá bàbá mi, kò sí èyí tí wọ́n ti wọ bàtà fún ẹrú kí wọ́n tó dá a padà.

Kí ni Jésù wá sọ nípa ogun Jóṣúà?

Kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, Jóṣúà lédè Hébérù, Jésù lédè Gíríìkì. Jóṣúà kejì yìí náà pàdé ará Kénáánì. Máàkù pe obìnrin náà ní ará Síríà-Fòníṣíà. Mátíù ló mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní ará Kénáánì (15:22), orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu obìnrin náà jáde ni pé kí Ọmọ Dáfídì ṣàánú òun. Ìyẹn gan-an ni ohun tí Diutarónómì 7 ní kí wọ́n má ṣe fún irú rẹ̀. Jésù kọ́kọ́ dákẹ́, ó sọ̀rọ̀ tó korò, obìnrin náà kò lọ, ó sì gba ohun tó wá gbà. Lúùkù 9 náà wà níbẹ̀, níbi tí Jákọ́bù àti Jòhánù ti fẹ́ pe iná sọ̀ kalẹ̀ sórí abúlé kan, tí ó sì bá wọn wí.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé Jésù kò mọ ìdájọ́. Òun ló sọ̀rọ̀ ọ̀run àpáàdì jù. Ṣùgbọ́n kò fi ìdájọ́ náà lé ọwọ́ Pétérù. Ó ní kó dá idà padà sínú àkọ̀.

Àna mi tó jẹ́ Mùsùlùmí ní: "Ẹ máa ń tọ́ka sí ẹsẹ idà nínú Kùránì. Ṣé ẹ ti ka tiyín?"

Mo ti kà á, ojú sì tì mí díẹ̀. Lágbègbè wa níbí, abẹ́ òrùlé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé, nítorí náà ó yẹ kí n ka tiwọn pẹ̀lú ojú tí mo fẹ́ kí wọ́n fi ka tèmi.

Súrà At-Taobah, ẹsẹ 5, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn abọ̀rìṣà tó bá àwọn Mùsùlùmí dá májẹ̀mú tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ ló ń bá wí. Ẹsẹ 4 ti yọ àwọn tó pa tiwọn mọ́ sọ́tọ̀. Ẹsẹ 6 ní bí ọ̀kan nínú wọn bá wá ààbò, kí wọ́n fún un, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, kí wọ́n sì sìn ín dé ibi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Súrà kejì, ẹsẹ 190, ní kí wọ́n bá àwọn tó ń bá wọn jà jà, kí wọ́n má sì kọjá ààlà. Ní 630, nígbà tí Ànábì Muhammad wọ Mẹ́kà pẹ̀lú ọmọ ogun, ìlú tó ti lé e jáde, ó dárí ji ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará ibẹ̀.

Ohun kan wà tí àáfà kan fi hàn mí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú súrà 114, 113 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run." At-Taobah nìkan ni kò ní i. Ọ̀kan nínú àlàyé àwọn onímọ̀ wọn ni pé súrà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fífòpin sí májẹ̀mú kò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àánú. Mo rò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Wọn kò fi orúkọ àánú bo ogun.

Ibìkan tún wà tí ẹ̀sìn méjèèjì ti pàdé. Abu Bakr, ẹni tó di olórí àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì, kìlọ̀ fún balógun rẹ̀ tó ń lọ sí Síríà pé kó má pa obìnrin, ọmọdé tàbí arúgbó, kó má sì gé igi eléso. Diutarónómì 20:19 sọ ti igi eléso bákan náà, ó ní ṣé ènìyàn ni igi oko tí ẹ fi ń dó tì í? Àwa tí a ń fi àdá bẹ́ igi kajú ara wa lóru nítorí ààlà ilẹ̀, àwọn ológun ayé àtijọ́ sàn jù wá lọ.

Ṣé mo lè ka Sáàmù 109 sí ọ̀tá mi ní agogo méjìlá òru?

Inú Bíbélì ló wà, n kò lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹni tó kọ irú Sáàmù bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣe níkà ni. Àwọn tó kọ Sáàmù 137, tó parí pẹ̀lú fífi orí ọmọ Bábílónì gbá òkúta, ẹrú ni wọ́n, ìlú wọn ti jó. Wọ́n gbé ìbínú náà fún Ọlọ́run, ọ̀bẹ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn sàn ju kí ènìyàn rẹ́rìn-ín sí ọ̀tá kí ó sì lọ dúró dè é lójú oko. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ orúkọ tí àwọn ènìyàn ń dá sínú àdúrà "kú, kú, kú" yìí. Nígbà púpọ̀, ìyá ọkọ ni.

Àwọn ajínigbé ń dà wá láàmú lójú ọ̀nà àti ní oko. Ṣé a kò gbọdọ̀ jà ni?

Ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé kò ní àyè ìwàásù, nítorí náà mo máa sọ ọ́ ní kúkúrú. Ẹ̀kísódù 21:16 ka jíjí ènìyàn gbé kún ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Nígbà tí wọ́n kó Lọ́ọ̀tì lọ, Ábúráhámù kó 318 ọkùnrin ilé rẹ̀, ó lé wọn lóru, ó gba ènìyàn rẹ̀ padà, kò sì mú okùn bàtà nínú ìkógun (Jẹ́nẹ́sísì 14). Àwọn ọdẹ wa tó ń ṣọ́ ọ̀nà wà lójú ipa Ábúráhámù. Ẹ gbàdúrà fún wọn, ẹ sì dáwó fún wọn.

Ààlà wà níbẹ̀ ṣá. Ẹ̀kísódù 22 ní bí olè bá fọ́ ilé lóru tí onílé sì lù ú pa, kò sí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ wà. Ẹni tí ọwọ́ ti tẹ̀, tí a ti dè, ilẹ̀ ti mọ́ bá a. Ilé-ẹjọ́ ló kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ bí ẹjọ́ ṣe ń falẹ̀. Gáà tí obìnrin àti ọmọ ń gbé, tí wọ́n fẹ́ lọ dáná sun nítorí pé èdè kan náà ni ajínigbé ń sọ, ìyẹn kì í ṣe ti Ábúráhámù mọ́. Mo sọ èyí ní kíláàsì, ọkùnrin méjì sì dìde jáde. Ọ̀kan ti padà wá.

Bí wòlíì kan bá ní Ọlọ́run ti pàṣẹ irú ogun Jóṣúà fún wa lónìí ńkọ́?

Irọ́ ni.

Báwo ni kí a ṣe kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn Jẹ́ríkò?

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á tò, wọ́n á fun fèrè ìwé, wọ́n á yí àga ká lẹ́ẹ̀méje, àga á wó. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ kọ̀ láti ti àga. Ó ní, "Mọ̀ọ́mì, àwọn ọmọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ráhábù ńkọ́? Ṣé kò ní okùn tó pọ̀ ni?" Mo ní ká lọ mu omi.

Láti ìgbà náà, ilé Ráhábù la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí fún àwọn ọmọdé, inú yàrá ni wọ́n ti ń gbọ́ fèrè. A kò wó àga mọ́. Orí 6 ẹsẹ 21 di ti àwọn tó ti wọ ilé-ìwé girama, 1 Sámúẹ́lì 15 sì di ti kíláàsì àgbà. Ọmọ tó bá béèrè ṣáájú ìgbà náà, mo máa ń fi Jẹ́nẹ́sísì 18 hàn án, níbi tí Ábúráhámù ti dúró níwájú Olúwa nítorí Sódómù, tó ń bi í bóyá Onídàájọ́ gbogbo ayé kò ní ṣe èyí tó tọ́, tó ń dúnàádúrà láti 50 wá sí 45, sí 40, sí 30, sí 20, sí 10. Ọmọbìnrin yẹn béèrè ìdí tí kò fi dé ọ̀kan. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì ti kọ ọ́.